Corolla Àlàájà ẹlẹ́yin: ọkọ̀ tó ń gbá, ọkọ̀ tó ń jó

Toyota Corolla ọdún 2005 ni ọkọ̀ náà, tòkunbọ̀. Àlàájà kan tó ń ta ẹyin ní Sábó, Ìkòròdú níbí, ló ni ín. Oko adìyẹ kan lápá Ìmọ́tà ni wọ́n ti ń kó ẹyin, kéréètì lórí kéréètì, nínú bútù àti lórí ìjókòó ẹ̀yìn, ọmọ wọn ọkùnrin ló sì máa ń wà á. Ẹ̀sùn tí wọ́n gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìta-Ẹlẹ́wà kò gùn: ọkọ̀ ń fò, ẹyin ń sán.

"Ọ̀gá mẹkáníìkì, kò sí ìgbà tí mo máa dé ọjà tí mi ò ní ṣa èyí tó sán sọ́tọ̀. Àwọn tó ń ṣe kéèkì ló ń rà á, iye tí wọ́n sì ń san, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ ọ́."

Mo ní, "Àlàájà, ẹ pẹ̀lẹ́. Ta ló ti fọwọ́ kàn án kó tó dé ọ̀dọ̀ mi?" Ìbéèrè yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ bi oníbàárà, torí ọkọ̀ tó ti ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì míì bọ̀ sábà máa ń ní àìsàn méjì lára: èyí tó gbé lọ síbẹ̀, àti èyí tó gbé bọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ gbọ́ pé ọkọ̀ ń fò, ó pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì iwájú méjèèjì, kò sí àyípadà. Èkejì ní ẹrù ló pọ̀ jù, ó wá ki rọ́bà sáàárín sípírìn ẹ̀yìn kí ìdí ọkọ̀ lè gbé sókè. Ìdí gbé sókè lóòótọ́. Ẹyin tó ń sán náà gbé sókè.

Ọ̀rọ̀ ẹrù yẹn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú un kúrò nílẹ̀. Ẹyin 30 ló ń wà nínú kéréètì kan. Ẹyin adìyẹ kan ò sábà ju nǹkan bí 60 gíráàmù lọ, ìyẹn ni pé kéréètì kan ò pé kílò 2. Kéréètì 50 ò tíì pé 100 kílò, ìwúwo àgbàlagbà kan tó jẹun kánú ni. Èèyàn márùn-ún ni wọ́n ṣe Corolla yìí fún. Àlàájà àti ọmọ wọn ló wà níwájú, àyè èèyàn mẹ́ta ló ṣófo lẹ́yìn. Ẹyin gba àyè ni, kò wúwo. Ẹni tó bá rí ọkọ̀ tó kún fún kéréètì dé òrùlé, ojú ẹ̀ á tàn án jẹ, ṣùgbọ́n sípírìn ò lójú, ìwúwo nìkan ló mọ̀.

Kí n tó gbé jáàkì, mo pe ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Bó o bá gun bọ́ǹpù, ìgbà wo gan-an ló ń fò? Ṣé ìgbà tí táyà kàn án ni, àbí ìgbà tó o ti kọjá ẹ̀?"

Ó ronú díẹ̀. "Ọ̀gá, méjèèjì ni o. Ó máa kọ́kọ́ gbá wa gbì, lẹ́yìn náà ó tún máa wá jó lọ fúnra ẹ̀."

Ìdáhùn yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì iṣẹ́. Ọkọ̀ tó ń gbá èèyàn yàtọ̀ sí ọkọ̀ tó ń jó. Èyí tó ń gbá, òkúta kékeré inú títì, ìlà tí wọ́n fi so afárá pọ̀, gbogbo rẹ̀ lẹ máa fi ìdí mọ̀ lórí ìjókòó, ṣùgbọ́n tó bá ti gbá yín tán, ó parí nìyẹn. Táyà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Èyí tó ń jó lè kọjá lórí òkúta kékeré kẹ́ ẹ má mọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n tó bá gun bọ́ǹpù tàbí tó já sí kòtò, á lọ sókè, á wá sílẹ̀, á tún lọ sókè, ẹ̀yin náà á máa mi orí bí alángbá. Ṣọ́ọ̀kì lẹ ní láti wò níbẹ̀. "Ó ń fò" làwọn tó ti wo ọkọ̀ yìí ṣáájú gbọ́, wọn ò bi í pé irú fífò wo. Níbi tí méjèèjì bá sì ti wà lára ọkọ̀ kan ṣoṣo, ọ̀kan á máa sá pamọ́ sẹ́yìn èkejì, owó oníǹkan á sì máa lọ.

Mo wọ ẹ̀yìn, mo jókòó síbi tí ẹyin máa ń jókòó. Mo ní kí ọmọ náà máa wà wá lọ sápá Ìgbógbó, kó yà wọ inú àdúgbò níbi tí gálọ́ọ̀pù wà. Ibi téèyàn jókòó sí ṣe pàtàkì púpọ̀ nínú irú àyẹ̀wò yìí. Awakọ̀ kì í mọ ohun tí ìdí ọkọ̀ ń ṣe. Iwájú ló wà, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí sítíárì, ojú rẹ̀ wà lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn níbẹ̀, láàárín àkókò díẹ̀, mo ti mọ ohun tí ojú ẹyin ń rí. Orí títì tó dán gan-an, ara ọkọ̀ ń gbọ̀n wìrìwìrì. Nígbà tá a wá dé orí bọ́ǹpù iwájú ilé ìwé kan, iwájú gùn ún, ó sọ̀ kalẹ̀, ó dákẹ́. Ẹ̀yìn gùn ún, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fò, ó tún fò, orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé. Ṣọ́ọ̀kì iwájú tí mẹkáníìkì àkọ́kọ́ fi síbẹ̀ dára. Mi ò ní ẹjọ́ kankan bá iṣẹ́ rẹ̀. Ibi tó ṣe é sí ni kò jẹ́ ibi tó ń dunni.

Bá a ṣe dé ṣọ́ọ̀bù padà, mo bẹ̀rẹ̀, mo na ọwọ́ sábẹ́ ọkọ̀, mo fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan. Àyẹ̀wò tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ ni, ó sì yà mí lẹ́nu pé àwọn mẹkáníìkì tí ń ṣe é ò pọ̀. Ṣọ́ọ̀kì tó ń ṣiṣẹ́ lójú gálọ́ọ̀pù gbọ́dọ̀ gbóná, torí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ agbára fífò di ooru. Ti iwájú méjèèjì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ti ẹ̀yìn lápá òsì tútù bí ẹni tí kò kúrò nílé. Ti ọ̀tún gbóná díẹ̀, kò tó ti iwájú. (Ẹ ṣọ́ra kẹ́ ẹ má lọ fọwọ́ kan páìpù èéfín o.)

Mi ò tíì fi géèjì kan táyà nígbà yẹn. Táyà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú ọ̀nà dé, irọ́ ló máa pa fún yín. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ti gbóná, ó ti wú: bí ooru bá fi nǹkan bíi dígírì 5 sí 6 lé sí i, géèjì á fi psi 1 lé sí i (psi ni òṣùwọ̀n tá a fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà), ìyẹn la sì ṣe máa ń rí táyà tó sáré nínú oòrùn Èkó tó fi psi 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lé iye tó wà nínú rẹ̀ ní àárọ̀. Nọ́ńbà tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ kọ, ti táyà tútù ni: ọkọ̀ tó ti dúró fún nǹkan bíi wákàtí 3, tàbí tí kò tíì rìn ju kìlómítà kan àti ààbọ̀ lọ. Mo wá bẹ Àlàájà pé kí wọ́n fi ọkọ̀ sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ojú wọn ò fẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé.

Ní àárọ̀, kí oòrùn tó ta sára rẹ̀, mo ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀. Lára òpó tí ilẹ̀kùn máa ń pàdé, ìwé pélébé kan wà níbẹ̀ tí ilé iṣẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn: ìwọ̀n táyà 195/65R15, afẹ́fẹ́ iwájú 30, ẹ̀yìn 30. Ìwé yìí wà lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, ẹni tó ń wò ó ni kò pọ̀. Mo fi géèjì tèmi sí i. Iwájú 42 àti 43. Ẹ̀yìn 44 àti 45. Mo tún wo táyà kékeré tó wà nísàlẹ̀ bútù, èyí tí 60 yẹ kó wà nínú rẹ̀. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ ò lè gbé ìyàwó tuntun lọ sílé ọkọ. Ìyẹn ò sí lára ẹ̀sùn, mo kàn kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn ni.

Mo ké sí fọganáísà tó wà ní ìdojúkọ wa. Ọmọ dáadáa ni, a jọ ń ṣe ẹ̀fẹ̀. Mo ní kó wá wo nọ́ńbà yẹn.

"Ẹ̀gbọ́n, kò pọ̀ jù," ló wí. "Ẹ wo ara táyà fúnra ẹ̀, 51 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹni tó pọ́ǹpù ẹ̀ ò tíì débẹ̀ rárá."

Òótọ́ ni pé 51 wà lára táyà. Àmọ́ ìyẹn ni òpin ohun tí táyà lè gbà, kì í ṣe ohun tí ọkọ̀ ń fẹ́. Ilé iṣẹ́ tó ṣe táyà ò mọ ọkọ̀ tí wọ́n máa wọ̀ ọ́ fún. Táyà kan náà lè bọ́ sára ọkọ̀ tó fúyẹ́, ó lè bọ́ sára èyí tó wúwo jù ú lọ. Ẹni tó ṣe ọkọ̀ ló wọn ìwúwo rẹ̀, tó mọ bí sípírìn rẹ̀ ṣe le tó, òun náà ló kọ 30 sára òpó. Àwọn oníbàárà wa náà ò ràn wá lọ́wọ́. "Bá mi gééjì ẹ̀ kó le dáadáa" ni wọ́n máa ń sọ fún fọganáísà, wọ́n ní táyà líle kì í tètè jò, kì í sì í jẹ epo. Ti epo yẹn, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ táyà ló kọ́kọ́ máa ń gba ìyà ojú ọ̀nà kó tó dé ọ̀dọ̀ sípírìn. Tí afẹ́fẹ́ bá kún un jù, ẹ̀gbẹ́ yẹn ò ní lè tẹ̀ mọ́, gbogbo òkúta á máa wọ inú ọkọ̀ tààrà. Àárín táyà nìkan ló máa wá ń kan ilẹ̀, bíréèkì ò ní fi bẹ́ẹ̀ dáni lójú nígbà òjò. Táyà tó le bẹ́ẹ̀ sì rọrùn fún ẹnu kòtò láti gé.

Mi ò ní kẹ́nì kankan lọ jẹ́ kí táyà rọ̀ o. Táyà tí afẹ́fẹ́ ò tó nínú ẹ̀ burú jùyẹn lọ lórí eré: ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa tẹ̀ síwá sẹ́yìn, á máa gbóná láti inú, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń bẹ́ lójú ọ̀nà márosẹ̀.

A tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀. Iwájú 30, ẹ̀yìn 32, mo fi 2 lé ti ẹ̀yìn torí ẹyin. Àlàájà ò san kọ́bọ̀ fún apá yìí. A tún gba ọ̀nà kan náà, gálọ́ọ̀pù kan náà, bọ́ǹpù iwájú ilé ìwé kan náà, èmi lẹ́yìn, ọmọ náà níwájú. Gbígbọ̀n wìrìwìrì yẹn lọ. Òkúta kékeré ò dé ọ̀dọ̀ mi mọ́. Ṣùgbọ́n bá a ṣe sọ̀ kalẹ̀ lórí bọ́ǹpù, ẹ̀yìn ọkọ̀ jó, ó jó, ọmọ náà sì wo ojú mi nínú dígí.

"Ọ̀gá, ó mà tún burú sí i."

Kò burú sí i. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka èyí dúró dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníbàárà ti máa ń bínú, tí wọ́n á ní kí wọ́n dá afẹ́fẹ́ wọn padà. Nígbà tí táyà le, gbígbá yẹn ń pariwo débi pé kò jẹ́ kéèyàn mọ ìgbà tí jíjó bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú ọ̀kan kúrò, èkejì á yọjú kedere. Bí mo bá jẹ́ kí ọmọ yẹn mú wa padà sí 45, inú rẹ̀ á dùn fún ọjọ́ díẹ̀, Àlàájà á sì tún máa ta ẹyin fún àwọn oní-kéèkì.

Mo wá kọjú sí ẹ̀yìn. Mo kọ́kọ́ tẹ bútù mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, mo fi sílẹ̀ lójijì. Ọkọ̀ tí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ dá ṣáṣá á gòkè lẹ́ẹ̀kan, á padà sáàyè rẹ̀. Èyí gòkè, ó wálẹ̀, ó tún gòkè. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àyẹ̀wò yìí nìkan ṣá: ọwọ́ èèyàn ò yára tó kòtò, ṣọ́ọ̀kì tó ti kú ìdajì lè yege lábẹ́ ọwọ́ kó kùnà lójú ọ̀nà. Ẹ gbé e sórí jáàkì, kẹ́ ẹ fojú rí i.

Lápá òsì, ọ́ìlì ti jáde lọ́rùn ṣọ́ọ̀kì, ó sì ti bá eruku pupa ọ̀nà oko pò mọ́ra, ó dì mọ́ ọn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ọ̀rinrin fẹ́ẹ́rẹ́ lásán ló wà lọ́rùn, mi ò ní bá a wí. Èyí ti kọjá bẹ́ẹ̀. Apá ọ̀tún gbẹ, ibẹ̀ ló sì ti ń tan ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì jẹ, torí gbígbẹ kọ́ ni ìlera. Nígbà tí mo yọ ọ́ tán tí mo tẹ irin rẹ̀ wọlé, ó wọlé láìjanpata, ó sì dúró síbẹ̀, kò padà. Rọ́bà kékeré tó yẹ kó gba ìkọlù nígbà tí ọkọ̀ bá wálẹ̀ dé òpin ti rún, mo fi ọwọ́ gbá a dànù ni.

Mo tún fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Ẹ dán an wò lára ọkọ̀ yín: ẹ rọra fi ọwọ́ gbá a yí po, ẹ má fi ojú nìkan wò ó. Àárín táyà ti jẹ ju ẹ̀gbẹ́ lọ, ìyẹn ni ẹ̀rí afẹ́fẹ́ àpọ̀jù. Yí po rẹ̀, ibì kan ga, ibì kan jìn, ó ga, ó jìn, bí ìgbì ọ̀sà: ìyẹn ni ẹ̀rí táyà tó ń fò kúrò nílẹ̀ tó tún ń bọ́ sílẹ̀, torí kò sí ṣọ́ọ̀kì tó dì í mú. Àìsàn méjèèjì ti kọ orúkọ wọn sára táyà kan náà tipẹ́tipẹ́, kò kàn sí ẹni tó kà á ni.

Àlàájà ti dé nígbà yẹn. Wọ́n bi mí pé, "Ṣé ṣọ́ọ̀kì yìí kọ́ ló ń gbé ọkọ̀ ni? Tó bá ti kú, báwo ni ọkọ̀ ṣe dúró?"

Rárá o, sípírìn ló ń gbé ọkọ̀. Bí ọ́ìlì ṣọ́ọ̀kì bá gbẹ tán, ọkọ̀ á ṣì dúró gbọin bó ṣe wà. Iṣẹ́ sípírìn ni kó gba ìkọlù, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe, ṣùgbọ́n ohun tó bá gbà ló fẹ́ ta padà. Sípírìn ni eégún, ṣọ́ọ̀kì ni atókùn. Nínú ṣọ́ọ̀kì, písítìn kan wà nínú ọ́ìlì, ihò tín-ín-tìn-ìn-tín wà lára rẹ̀. Bí táyà ṣe ń lọ sókè sódò, písítìn á máa fipá ti ọ́ìlì gba inú ihò yẹn. Ọ́ìlì ò fẹ́ yára kọjá, ibẹ̀ ni agbára fífò ti ń kú, tó ń di ooru. Ìdí nìyẹn tí ti òsì fi tútù: kò sí ọ́ìlì tó máa bá jìjàkadì.

Ẹ wá wo ohun tí rọ́bà inú sípírìn ṣe. Ó mú kí sípírìn le sí i, ìyẹn ni pé á máa ta padà pẹ̀lú agbára jù ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọwọ́ atókùn tó ti rọ ni wọ́n sì tún fi í lé. Àwọn rọ́bà yẹn ni mo kọ́kọ́ yọ. Ìdí ọkọ̀ wálẹ̀ díẹ̀, sí ibi tí ilé iṣẹ́ fi í sí. Ọmọ náà ò fẹ́ràn bó ṣe rí lójú; àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ kí ìdí ọkọ̀ ga. Mo ní kó jẹ́ kí ẹyin kọ́kọ́ dé ọjà ná.

Ládípọ̀ ni mo ti ra ṣọ́ọ̀kì, ní Múṣin. Tuntun ni mo rà, méjì. Mi ò kórìíra tòkunbọ̀: ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀, gíà tòkunbọ̀, ilẹ̀kùn, iná, mo ń rà wọ́n, mo sì ń dúró fún un. Ṣọ́ọ̀kì ni mi ò ní bá ẹnikẹ́ni ra tòkunbọ̀ rẹ̀. Wọ́n ti lẹ ẹnu rẹ̀ pa, kò sẹ́ni tó lè ṣí i wo ohun tó ti rí lókè òkun, àti pé ẹni tó bá ní òun á lu ihò sí i kí òun fi ọ́ìlì kún un, ẹ kí i kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ tún má ra ẹyọ kan. Ẹ̀gbẹ́ kan tuntun, ẹ̀gbẹ́ kan àtijọ́, ọkọ̀ á máa tẹ̀ síbì kan nígbà tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì. Nípa iye owó, bí mo bá kọ ọ́ síbí lónìí, ó lè má jẹ́ ohun tẹ́ ẹ máa bá lọ́jà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ fi ọwọ́ dá ayédèrú mọ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó: ẹ fa irin rẹ̀ jáde, ẹ tì í wọlé, ó gbọ́dọ̀ nira ní dọ́gbadọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìsí ibi tó ti ṣófo lójijì, irin náà sì gbọ́dọ̀ dán láìní èérí.

Kí n tó wọ̀ ọ́, mo gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró ṣánṣán, mo ń fà á sókè tì í sódò títí tí mi ò fi gbọ́ afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀ mọ́. Ṣọ́ọ̀kì tó ti sùn nínú páálí lórí ìbú fún oṣù gbọọrọ, afẹ́fẹ́ á ti wọ àárín ọ́ìlì rẹ̀. Ẹ wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, á máa dún kọ̀kọ̀, oníbàárà á ní ẹ ta ayédèrú fún òun.

Lára Corolla yìí, sípírìn ẹ̀yìn wà lórí ṣọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ tẹ ẹ́ mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ tó lè yọ nọ́ọ̀tì orí rẹ̀. Irin tí wọ́n ṣe fún títẹ sípírìn mọ́lẹ̀ ni mo lò. Àwọn kan ń fi wáyà dì í, wọ́n ń fi okùn dì í. Sípírìn tó bá já mọ́ni lọ́wọ́ lè fọ́ àgbọ̀n èèyàn, ó lè pààyàn. Ọmọ iṣẹ́ mi kankan ò gbọ́dọ̀ dán an wò. A kò fi púláyà di ara irin ṣọ́ọ̀kì tó ń dán mú nígbà tá à ń dè é, torí ojú tí púláyà bá ha ló máa ya ẹnu rọ́bà tó ń di ọ́ìlì mú. Bóòtù ìsàlẹ̀ pẹ̀lú, mo kàn fi ọwọ́ mú un díẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ wà lórí jáàkì. Ìgbà tí táyà kan ilẹ̀ tí ìwúwo ọkọ̀ wọlé ni mo tó dè é dénú. Tẹ́ ẹ bá dè é lókè, rọ́bà inú bọ́ṣìn á ti lọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò ní pẹ́ ya. Rọ́bà ìkọlù tuntun àti ìbòrí eruku tuntun wọlé pẹ̀lú.

Ẹ̀yìn Corolla yìí kò ní ohun tí wọ́n ń tò níbi aláìnmẹ́ǹtì, níbi tí wọ́n ti ń to ẹsẹ̀ táyà kó dọ́gba, nítorí náà ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn nìkan ò mú un lọ síbẹ̀. Iwájú ló mú un lọ. Nígbà tí wọ́n pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì iwájú, wọ́n tú bóòtù tó di ẹsẹ̀ táyà mú, wọn ò sì gbé e lọ fún aláìnmẹ́ǹtì lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ inú táyà iwájú kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Mo ní kí ọmọ náà lọ ṣe é.

A gbé e jáde. Bọ́ǹpù iwájú ilé ìwé: iwájú gòkè, ó sọ̀, ó dákẹ́, ẹ̀yìn gòkè, ó sọ̀, ó dákẹ́. Ọmọ náà padà gùn ún láìjẹ́ pé mo sọ fún un.

Ṣùgbọ́n ẹyin ló máa dájọ́, kì í ṣe èmi. Àlàájà lọ sí Ìmọ́tà, wọ́n sì fi fóònù pè mí láti Sábó. Èyí tó sán ò tó nǹkan mọ́, wọ́n ní, ìsàlẹ̀ pátápátá ló sì wà. Mo bi wọ́n pé kéréètì mélòó ni wọ́n ń tò léra. Iye tí wọ́n dárúkọ, ṣọ́ọ̀kì kankan ò lè gbà wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀: ìwúwo gbogbo tòkè ló wà lórí ẹyin ìsàlẹ̀, ìdààmú ojú ọ̀nà díẹ̀ ló kù tó máa sán. Wọ́n ti ń tò ó kúrú báyìí, wọ́n sì tẹ́ fóòmù pẹlẹbẹ sábẹ́. Wọ́n tún ti ń bá ọmọ wọn jà lórí eré sísá, ìyẹn ò sí lọ́wọ́ mi.

Ohun tó kù ni ariwo. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ń hun wùùù nígbà tó bá ti ń sáré, Àlàájà rò pé béárìn ni. Táyà ni. Ìgbì tí ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ gbẹ́ sára táyà ẹ̀yìn méjèèjì ò lè padà di pẹrẹsẹ. Ṣọ́ọ̀kì tuntun ò lè tún táyà tó ti jẹ ṣe. Ìyẹn nìkan kọ́: lára ti òsì, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT jẹ́ 2215, ìyẹn ọ̀sẹ̀ kejìlélógún ọdún 2015. Kódà bí ojú rẹ̀ bá ṣì nípọn, ọjọ́ orí rẹ̀ ti tó kó kúrò lójú ọ̀nà. Àlàájà ní àwọn á ra méjì tí Iléyá bá ti kọjá. Mo kọ ọ́ sórí bébà fún ọmọ wọn: 195/65R15, méjì tó bára mu, kó ka nọ́ńbà mẹ́rin yẹn lára ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tó sanwó, kó sì sọ fún fọganáísà pé 30 iwájú, 32 ẹ̀yìn, ní àárọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn. Bébà yẹn ṣì wà nínú àpò ilẹ̀kùn ọkọ̀ nígbà tí wọ́n wá pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Táyà àtijọ́ náà ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.